Kámẹ́rà Tó Mọ Àgbà

Ẹ kọ́kọ́ dìde ná. Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín, àmọ́ a ti fẹ́ dárúkọ Alága, ní àdúgbò Ìdẹ̀ra-ń-bọ̀, lẹ́yìn Ìgàndò lọ́hùn-ún, ẹnikẹ́ni kì í wà ní ìjókòó tí wọ́n bá ń dárúkọ Alága. Ó yá: Alàgbà, Olóyè, Dókítà Ebenezer Ọláoyè, Alága Ẹgbẹ́ Onílé, Baba Ìjọ, Baba Àwọn Ọ̀dọ́, Baba Tiransifọ́mà. Ẹ lè jókòó wàyí. Ti Dókítà yẹn, ẹ má bi mí níbi tó ti kà á, torí èmi náà bèèrè títí ó sú mi. Ti tiransifọ́mà, àdúgbò ló dáwó rà á. Iṣẹ́ Alága níbẹ̀ ni pé ó gé ríbọ́ọ̀nù, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ́ débi pé iná ti lọ kó tó gé e.

Ní ìsàlẹ̀ àdúgbò yìí kan náà ni Tíṣà ń gbé. Mojísọ́lá Babárìndé lorúkọ rẹ̀, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti fẹ̀yìn tì, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa ṣì ń pè é ní Tíṣà. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló jọ kọ́ ilé yẹn, yàrá kan lẹ́yìn òmíràn, bí owó oṣù bá ṣe wọlé. Ọkọ ti kú. Yàrá rẹ̀ ṣì wà bó ṣe fi í sílẹ̀, fìlà rẹ̀ wà lórí ìṣó, rédíò rẹ̀ wà lójú fèrèsé. Ẹ̀yìn yàrá yẹn gan-an ni ọ̀gbàrá tó ti gbẹ́ ilẹ̀ di kòtò ńlá ń bọ̀. Ó ti gbé ilé ìdáná Tíṣà lọ lójò èṣí, gbogbo rẹ̀ pátá, àti ìkòkò àti àdògán. Bí òjò ọdún yìí bá tún rọ̀ bẹ́ẹ̀, yàrá ọkọ rẹ̀ ló kàn.

Kí ló ń fa ọ̀gbàrá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n pariwo. Gọ́tà ńlá kan wà tó ń gbé omi láti òkè lọ sódò. Nígbà tí Alága ń kọ́ fẹ́ǹsì tuntun, ó wo ilẹ̀ tó wà ní òdìkejì gọ́tà, ilẹ̀ náà wù ú, ló bá fa fẹ́ǹsì rẹ̀ kọjá lórí gọ́tà, ó di ojú rẹ̀ pa. Ó kùn ún ní yẹ́lò. Ó ní kí wọ́n kọ ÀÀFIN EBENEZER sí i lára, gàdàgbà. Omi dé ibẹ̀, kò rọ́nà, ó yà sọ́dọ̀ Tíṣà. Kò sí ẹni tí kò mọ̀. Àmọ́ bí ẹ bá bi ará àdúgbò léèrè, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á ní, "Òjò ayé ìsìnyí ti le jù ṣá."

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ ti fẹ́ máa ṣú, Tíṣà dìde ní ìpàdé onílé, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjọba ní iléeṣẹ́ kan tó ń tún gọ́tà ṣe, àmọ́ wọn kì í gba ẹ̀bẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ àdúgbò ló gbọ́dọ̀ fi fọ́tò ránṣẹ́, kí Alága sì lu òǹtẹ̀.

"Alága, ẹ kú iṣẹ́," ni Tíṣà wí. "Mo ti ya ọ̀gbàrá náà sórí fóònù. Òǹtẹ̀ yín nìkan ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, òjò ti dé tán."

Alága ká apá agbádá ọ̀tún sókè, ó ká tòsì, ó tú méjèèjì sílẹ̀, ó tún ká wọn padà.

"Mo dúró lórí ìlànà ìkíni tó ti wà nílẹ̀," ló wí, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì kí ẹnikẹ́ni. "Fóònù! Fóònù tí a fi ń pe alágbo! Fóònù tí àwọn ọmọ fi ń jó! Ṣé òun la fẹ́ gbé síwájú ìjọba? Ìyáàfin Tíṣà, tí ìjọba bá rí fọ́tò fóònù láti àdúgbò tí mo jẹ́ alága rẹ̀, kí ni wọ́n máa rò nípa mi?"

"Wọ́n á rò pé ilé mi fẹ́ wó."

"Póìǹtì ọ́fù ọ́dà!" Àmúsà ló fò dìde yẹn. Àmúsà ni akọ̀wé ẹgbẹ́, àmọ́ èmi ò rí i kó kọ nǹkan kan rí. Àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé. Bí Alága bá wúkọ́, á pàtẹ́wọ́. "Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n lẹ sọ, Baba! Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n fi góòlù kọ!"

Báyìí ni wọ́n ṣe pinnu pé ẹgbẹ́ á ra kámẹ́rà gidi. Nítorí pé Alága kì í ṣe ẹni tí ń kù gìrì ra nǹkan, wọ́n ní kí a kọ́kọ́ fi kámẹ́rà méjì wéra. Wọ́n yan Ìgbìmọ̀ Àfiwé Kámẹ́rà lójú ẹsẹ̀. Alága ni alága ìgbìmọ̀. Àmúsà ni akọ̀wé. Alága tún ni aṣojú àwọn àgbà. Òjò ń ṣú, ẹ̀yin ará, àwa ń yan ìgbìmọ̀.

Charles ló kó kámẹ́rà méjèèjì wá. Ó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ní Ẹ̀gbẹ́dá, ọmọ dáadáa ni, ó sì mọ èdè wa bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Ó tò wọ́n sórí tábìlì nínú gbọ̀ngàn ìpàdé.

"Daddy, owó àwọn méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Wọn kì í ṣe ti àwọn oníròyìn ńlá, wọn kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Àárín ni wọ́n wà. Mẹ́gápíksẹ̀lì wọn náà dọ́gba."

Alága mi orí. "Nínú mẹ́gápíksẹ̀lì yẹn, èló ló jẹ́ ti Alága?"

Charles wo ojú Àmúsà bóyá á rí ìrànlọ́wọ́ níbẹ̀. Àmúsà ń pàtẹ́wọ́ fún ìbéèrè náà.

"Gbogbo ẹ̀ ni, Daddy," ni Charles wí, ọmọ tó fẹ́ tajà.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àfiwé. Wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n wọ́n. Alága gbé ọ̀kan sọ́wọ́ ọ̀tún, ó gbé ìkejì sọ́wọ́ òsì, ó di ojú, ó ń mí kanlẹ̀, ó sì dájọ́ pé méjèèjì fúyẹ́ jù fún ipò òun. Wọ́n wá gbọ́ dídún wọn. Charles tẹ ọ̀kan, ó ní "ṣíkí." Ó tẹ ìkejì, ó ní "kàṣà!" Alága ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé èyí tó ní "kàṣà" ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run, torí kámẹ́rà tó bá ń ya òun gbọ́dọ̀ dún kí ará òpópónà kejì lè mọ̀. Lẹ́yìn náà ni Charles fi hàn wọ́n bí kámẹ́rà ṣe ń wá ojú ènìyàn fúnra rẹ̀, tó máa ń fi àpótí kékeré aláwọ̀ ewé yí ojú náà ká. Hàà, níbí ni nǹkan ti fẹ́ bàjẹ́. Kámẹ́rà oní-"ṣíkí" wo Alága, ó wo Àmúsà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì lọ gbé àpótí lé Àmúsà lójú.

Àmúsà figbe ta. "Kì í ṣe èmi o! Baba, mi ò bá a sọ nǹkan kan!" Ó ṣí fìlà, ó fi bo gbogbo ojú, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí kámẹ́rà fi ronú pìwà dà, tí àpótí padà sọ́dọ̀ Alága.

Ó wá ku kí wọ́n fi méjèèjì ya fọ́tò níta, kí a wo èyí tó dára jù. Tíṣà ní, "Ọ̀gbàrá ṣáà la fẹ́ yà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ yà á níbẹ̀." Ni wọ́n bá gba etí ọ̀gbàrá lọ. Alága wọ agbádá léèsì aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ó wọ bàtà awọ ọ̀nì tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, Àmúsà sì ń tẹ́ páálí síwájú bàtà náà bí ó ti ń gbẹ́sẹ̀ kí ẹrẹ̀ má bàa kàn án. Alága dúró sí bèbè, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ọ̀gbàrá ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, fẹ́ǹsì yẹ́lò ń bẹ lẹ́yìn ọ̀gbàrá. Ṣíkí. Kàṣà!

Charles fi fọ́tò méjèèjì hàn lórí kọ̀ǹpútà. Nínú fọ́tò "kàṣà," Alága ń dán yanran láti fìlà dé orúnkún, àmọ́ gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti di kùrukùru. Kò sí ọ̀gbàrá, kò sí fẹ́ǹsì. Ó dà bí ẹni pé Alága dúró nínú ìkuukùu lọ́run. Nínú fọ́tò "ṣíkí," Alága wà láti fìlà dé bàtà, ọ̀gbàrá náà wà, fẹ́ǹsì wà, igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà, ewúrẹ́ kan tó ń jẹko lọ́nà jíjìn wà, irùngbọ̀n ewúrẹ́ náà wà.

Alága tẹjú mọ́ fọ́tò "ṣíkí." Ó fajú ro. "Kí ló dé tí èyí ń wo ẹ̀yìn mi?"

"Daddy, kì í ṣe kámẹ́rà o, lẹ́ńsì tí wọ́n fi sí i lójú ló yàtọ̀. Èyí ń gba gbogbo nǹkan, tọ̀hún ń gba ohun tó sún mọ́ ọn nìkan. A lè yọ lẹ́ńsì tibí sórí tọ̀hún."

"O fẹ́ yọ ọ́ lójú! Lójú mi níbí!" Alága gbé kámẹ́rà "kàṣà" mọ́ra bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. "Ẹ gbọ́. Èyí mọ àgbà. Ó rí mi, ó sì di ojú sí ohun tí kò kàn án. Láti òní lọ, Ọmọlúàbí lorúkọ rẹ̀. Ìkejì yẹn, Olófòófó ni. Ẹ mú un kúrò níwájú mi."

Wọ́n dìbò. Bí a ṣe ń dìbò ní Ìdẹ̀ra-ń-bọ̀ ni pé a máa ń pàtẹ́wọ́, Alága á sì sọ èyí tó dún jù. Ọmọlúàbí ló wọlé.

"Ó dáa, a ti ra kámẹ́rà," ni Tíṣà wí. "Ẹ wá ya ọ̀gbàrá náà fún mi, ẹ lu òǹtẹ̀."

"Ká ya ọ̀gbàrá lásán? Láìsí ẹnikẹ́ni níwájú ẹ̀?" Ó ya Alága lẹ́nu tọkàntọkàn. "Ṣé ọ̀gbàrá tiwa ò ní alága ni?"

Wọ́n ya ọ̀gbàrá pẹ̀lú Alága níwájú rẹ̀. Wọ́n yà á nígbà tí Alága ń tọ́ka, wọ́n yà á nígbà tó ń dárò, wọ́n yà á nígbà tó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni Ọmọlúàbí yà, gbogbo rẹ̀ ló sì di kùrukùru lẹ́yìn. Alága lu òǹtẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi í ránṣẹ́, òjò rọ̀, ilẹ̀ jìn sí i lẹ́yìn ilé Tíṣà, ògiri yàrá ọkọ rẹ̀ sì sán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tíṣà gbé rédíò kúrò lójú fèrèsé, ó gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó tì í, ó sunkún. Mi ò ní fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́.

Èsì iléeṣẹ́ ìjọba ò gùn. Wọ́n ní: "A rí bàbá kan. A ò rí ọ̀gbàrá. À ń bọ̀ wá wò ó fúnra wa."

Ẹ ò bá rí ayọ̀! Alága ò ka apá tó sọ pé wọn ò rí ọ̀gbàrá. Ibi tí wọ́n ti sọ pé àwọn rí òun ló ń kà, ó kà á fún ìyàwó, ó kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kí wọ́n ta kánópì sí òkè àdúgbò pátápátá, níbi tó jìnnà sí ọ̀gbàrá, kí àlejò wá jẹun níbẹ̀, kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀, kí wọ́n sì máa lọ. Ó sì ní kí Charles ṣe bánà ńlá kan tó ga tó ilé, kí ìjọba rí òun kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò.

Charles kó àwọn fọ́tò Ọmọlúàbí wá. Alága yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bàtà mi dà?"

"Kò wọlé, Daddy. Lẹ́ńsì yẹn sún mọ́ yín jù, orúnkún ló gé e mọ́."

"Bàtà awọ ọ̀nì?" Ẹnu Alága fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè pa dé. "Ìjọba á rí mi láìrí bàtà awọ ọ̀nì?"

"Ẹ jẹ́ kí n tún yín yà, kí n sún sẹ́yìn díẹ̀."

Kò ṣeé ṣe, léèsì ojú ọ̀run ti wà lọ́dọ̀ alágbàfọ̀, ọ̀la sì ni àlejò ń bọ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo ló wà tí bàtà náà wà nínú rẹ̀. Charles mú un jáde tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù. Ó ní, "Èyí tí Olófòófó yà nìyí, Daddy, àmọ́ fẹ́ǹsì yín wà lẹ́yìn o. Tí a bá sọ ọ́ di ńlá, gbogbo ẹ̀ ló máa di ńlá."

Alága wo fọ́tò náà pẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó rí fẹ́ǹsì. Ó rí i dáadáa, kò fọ́jú. Àmọ́ ojú rẹ̀ tún sọ̀kalẹ̀ sí bàtà, ibẹ̀ náà ló sì dúró sí.

"Ta ló máa wo ògiri," ló bi wọ́n, "nígbà tí bàtà yìí wà ńlẹ̀?"

"Kò sí, Baba!" ni Àmúsà wí. "Ẹni tó bá wo ògiri, ojú ń dùn ún ni!"

Lọ́jọ́ kejì, àlejò dé. Obìnrin kan ni, Ẹnjiníà Hope lorúkọ rẹ̀, ó wọ bùútù òjò, ó gbé fáìlì sábẹ́ abíyá. Bánà náà dúró lẹ́yìn tábìlì ọlọ́lá, ó ga bí ilé alájà kan, Alága na ọwọ́ méjèèjì nínú rẹ̀ bí ẹni tí ń gba ojú ọ̀run dání. Àmúsà gba makirofóònù.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá dìde, òjò á dá! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sín, gbogbo àdúgbò á ní kẹ́ ẹ pẹ́! Bàbá tó bí bàbá tiransifọ́mà! Alága ayé, alága títí ayé, alága tí ń kọ́ alága bí wọ́n ti ń ṣe alága!"

Alága náà sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ títí ìrẹsì fi tutù. Ó sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀, ó sọ ti bí ó ṣe fi kámẹ́rà méjì wéra tí ọgbọ́n rẹ̀ kò sì tàn án jẹ. Lókè, òjò ti ṣú dùdù.

"Baba, ẹ ṣeun," ni Ẹnjiníà Hope wí níkẹyìn. "Ẹ jẹ́ ká lọ wo ibẹ̀ kí òjò tó dé."

"Ẹrẹ̀ wà níbẹ̀, ọmọ mi. Bàtà yín á bàjẹ́."

Ẹnjiníà wo bùútù òjò tó wọ̀. Ó fẹ́ fèsì, ló bá gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì kan bánà. Kò wo fìlà. Kò wo léèsì. Bàtà awọ ọ̀nì gan-an, kò wò ó. Ó dìde, ó rìn lọ síwájú rẹ̀, ó sì na ìka sí ẹ̀yìn Alága.

"Ọ̀gbàrá náà nìyí, àbí? Gọ́tà wá ń bọ̀ láti ibí. Ògiri wo wá ni èyí tó jókòó sórí gọ́tà?"

Ẹ wo ènìyàn tó kún abẹ́ kánópì yẹn, onílé àti ayálégbé, gbogbo wa tẹ orí ba, a ń wo àwo ìrẹsì. Tíṣà dìde láti sọ̀rọ̀. Àmọ́ Àmúsà ò lè gbọ́ kí wọ́n béèrè ohun tó jẹ́ ti Alága kó má fi yangàn. Makirofóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ti Alága ni!" ló kígbe. "Ẹnjiníà, ẹ kà á, ÀÀFIN EBENEZER! Òun nìkan ló kọ́ ọ, kò gba ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni! Kọnkéré gidi ni! Fẹ́ǹsì yẹn lágbára débi pé omi gan-an ò lè gba ibẹ̀ kọjá!"

Ó pàtẹ́wọ́. Òun nìkan ló pa á.

"Omi ò lè gba ibẹ̀ kọjá," ni Ẹnjiníà Hope tún wí, ó ń kọ ọ́ sínú fáìlì.

"Ẹ̀yìn ilé mi ló ń gbà," ni Tíṣà wí. "Ó ti gbé ilé ìdáná mi lọ. Yàrá ọkọ mi ló kù."

Gbogbo wọn wá gba ìsàlẹ̀ lọ. Alága ń sáré tẹ̀ lé wọn nínú ẹrẹ̀, kò sí páálí, kò sí Àmúsà, bàtà awọ ọ̀nì ń rì, ó ń fà á yọ. "Olófòófó ló purọ́ mọ́ mi! Charles! Ọmọlúàbí dà? Ẹ fi Ọmọlúàbí yà á, ẹ máa rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀!" Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ni gbogbo àdúgbò bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí a ti ń gbé mì láti ọdún tó ti pẹ́. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ X sára fẹ́ǹsì yẹ́lò náà, láàárín ÀÀFIN àti EBENEZER, àmì pé wọ́n máa wó o.

Kátapílà dé kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó wó fẹ́ǹsì náà, ó la ojú gọ́tà. Òjò tó rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ le ju ti èṣí lọ. Tíṣà jókòó nínú yàrá ọkọ rẹ̀ ní gbogbo àsìkò tó fi ń rọ̀, ó gbé ọwọ́ lé ògiri tó sán náà, ó ń gbọ́ bí omi ti ń hó kọjá nínú gọ́tà, tó ń bá tiẹ̀ lọ sódò. Ògiri náà ò mì. Nígbà tí òjò dá, ó gbé rédíò padà sójú fèrèsé, ó sì tàn án.

Ìpàdé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n yọ Alága, Tíṣà ni wọ́n sì fi síbẹ̀. Wọn ò pàtẹ́wọ́ dìbò lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ ni wọ́n nà sókè. Àmúsà ló kọ́kọ́ nà án, ó tún kígbe tẹ̀ lé Tíṣà ní gbogbo òpópónà délé.

"Ìyá wa! Ìyá títí ayé! Ìyá tó bí Ìyá Gọ́tà!"

"Àmúsà."

"Ìyá mi, ẹ pàṣẹ!"

"Yanrìn ti ń kún gọ́tà. Mú ṣọ́bìrì."

Bí ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá lónìí, ẹ ó rí ilé ìdáná tuntun tí Tíṣà fi igi ṣe sẹ́yìn ilé. Kò tíì rí páànù rà, bánà ńlá yẹn ni wọ́n fi bò ó lórí. Ojú Alága ló wà nínú, ó ń wo ìkòkò ọbẹ̀, ó sì ti dúdú díẹ̀ nítorí èéfín. Ibi bàtà ò rí ibi wọ̀ sí, òun ló yọ síta níbi tí òjò ti ń pa á. Tíṣà ní òun á gé apá yẹn kúrò tí òun bá ráyè.